Gọ́tà Ẹ̀yìn Ọsibítù: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Lóṣù tó kọjá, ojú ewé yìí sọ̀rọ̀ lórí omi ìdọ̀tí tó ń ti ilé ìwòsàn jáde, àti lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ tí oògùn áńtíbáyótíìkì kò ràn mọ́. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. A ṣa méje nínú wọn. A gé àwọn kan kúrú, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni tàbí ilé ìwòsàn kankan.

Ìbéèrè (ìyá ọlọ́jà kan, Iléṣà): Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ilé ló ní ṣáláńgá, gbogbo ènìyàn ló ń yàgbẹ́. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ti ọsibítù lẹ fi ń dẹ́rù bà wá?

Ìdáhùn: Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ. Ìgbẹ́ ilé yín àti ti ilé wa kún fún kòkòrò. Nínú 100 ml omi ìdọ̀tí tí ẹnikẹ́ni ò tíì tọ́jú, E. coli, kòkòrò kan tó ń gbé inú ìfun, nìkan lè tó mílíọ̀nù kan sí mẹ́wàá, púpọ̀ nínú wọn ò sì ṣe wá ní nǹkan kan. Ohun tó ya ti ọsibítù sọ́tọ̀ ni pé inú páìpù kan náà ni kòkòrò ara aláìsàn, oògùn tí wọ́n fún un, àti kẹ́míkà tí wọ́n fi fọ ilẹ̀ ti ń pàdé.

Ẹ wo oògùn náà. Tí ènìyàn bá gbé amoxicillin mì, nǹkan bí 60% rẹ̀ ló máa bá ìtọ̀ jáde láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí agbára rẹ̀ ṣì pé. Ceftriaxone, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò gan-an ní àwọn wọ́ọ̀dù wa, ìdá kan sí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló ń tọ̀ jáde bẹ́ẹ̀. Tí ogún aláìsàn bá wà lórí rẹ̀, oògùn ń rọ́ wọ inú kòtò kan náà tọ̀sán-tòru. Amoxicillin kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú omi, ṣùgbọ́n ciprofloxacin kì í tètè bàjẹ́. Ara gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́. Oògùn tó wà nínú kòtò yìí kò tó láti pa gbogbo kòkòrò. Ó pa aláìlera, ó fi alágbára sílẹ̀, alágbára wá ń bímọ sí àyè tó ṣófo.

Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ń fún ara wọn ní agbára náà. Ó wà lára òrùka DNA kékeré kan tí a ń pè ní plasmid. Kòkòrò kan á na ọ̀pá tín-ín-rín sí ara ìkejì, á fà á mọ́ra, á sì fún un ní ẹ̀dà òrùka náà, bí ẹni tó gé kọ́kọ́rọ́ fún aládùúgbò tí òun náà ṣì di tirẹ̀ mú. Wọn ò ní láti jẹ́ ìran kan náà: E. coli lè fún Klebsiella, ìran kòkòrò mìíràn. Kọ́kọ́rọ́ oògùn mẹ́rin márùn-ún sì lè wà lórí òrùka kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ ní Japan ló kọ́kọ́ rí èyí nínú kòkòrò Shigella tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ní àwọn ọdún 1950.

Kò sì dúró sínú ọgbà ọsibítù. Ní New Delhi, ní Íńdíà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 bu omi tó ń sun tàbí tó dúró lẹ́bàá títì ní ibi 171. Wọ́n wá àbùdá tí wọ́n ń pè ní NDM-1, èyí tó ń sọ àwọn oògùn carbapenem di aláìwúlò, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí ni dókítà ń fi pamọ́ dìgbà tí èyí tó kù bá kùnà. Wọ́n rí i nínú 51. Nínú omi ẹ̀rọ 50 tí wọ́n bù, ó wà nínú 2. Ẹni tó ń pọn omi ẹ̀rọ yẹn lè má dé ọsibítù rí láyé rẹ̀.

Ìbéèrè (nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn): Síǹkì kan ṣoṣo ló wà ní wọ́ọ̀dù wa. Inú rẹ̀ la ti ń fọwọ́, ibẹ̀ náà la ń da dírípù tó ṣẹ́kù, tíì aláìsàn àti omi tí a fi nù wọ́n lára sí. Àwọn kan ní kò sí aburú níbẹ̀, pé páìpù kan náà ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Nọ́ọ̀sì wa, aburú wà níbẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni páìpù ń gbé lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ síǹkì náà. Ẹ ó rí ibi tí páìpù ti ká bí ìgúnpá. Omi máa ń dúró síbẹ̀ kí òórùn má baà gòkè. Tí plọ́ńbà bá tú u, ẹrẹ̀ dúdú ló máa bá nínú rẹ̀, tó ń yọ̀ bí ewédú tó ti kan. Ilé àwọn kòkòrò ni. Àwọn fúnra wọn ló kọ́ ọ, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara páìpù débi pé omi ń ṣàn kọjá lórí wọn láìgbé wọn.

Oúnjẹ wọn ni dírípù yẹn. Dextrose 5% túmọ̀ sí ṣúgà gíráàmù 5 nínú 100 ml. Tí 100 ml bá ṣẹ́kù tí ẹ dà á sínú síǹkì, ṣíbí tíì kan ṣúgà lẹ fi bọ́ wọn. Ní Yunifásítì Virginia, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi irú E. coli kan tó máa ń tàn sínú ìgúnpá síǹkì, wọ́n sì ń fún un lóúnjẹ. Ó ń gun páìpù bọ̀ lókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lójúmọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti dé ẹnu ihò. Ọdún 2017 ni ìwádìí náà jáde. Nígbà tó bá ti dé ẹnu ihò, omi ẹ̀rọ tó bá já lé e lórí ló máa ta á káàkiri. Ní ọsibítù kan ní Toronto, ní Kánádà, láàárín 2004 sí 2006, aláìsàn 36 ló kó irú kòkòrò Pseudomonas kan tí ọ̀pọ̀ oògùn ò ràn. Wọ́n da aró tó ń tàn sínú ihò síǹkì, wọ́n ṣí omi, wọ́n rí i pé ó ta dé mítà kan ó kéré tán, títí dé ibi tí wọ́n ti ń po oògùn.

Nítorí náà, síǹkì ìfọwọ́, ọwọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ máa fọ̀ níbẹ̀. Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí kan fún dírípù, tíì, mílíìkì àti omi ìwẹ̀ aláìsàn, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Áńtíbáyótíìkì tó kù sínú ìgò abẹ́rẹ́, ẹ má ṣan án dànù. Ẹ dé e, kí ó bá pàǹtírí oògùn lọ. Ẹ má fa oògùn sínú síríǹjì, ẹ má sì to gọ́ọ̀sì sí ibi tí kò tó mítà kan sí síǹkì. Tí ẹnu ẹ̀rọ bá dojú kọ ihò gan-an, ẹ ní kí plọ́ńbà yí i kí omi máa já sí ara síǹkì. Ẹni tó ń fọ síǹkì, ẹnu ẹ̀rọ ni kó kọ́kọ́ nù, lẹ́yìn náà ara síǹkì, ihò ló máa kẹ́yìn, kó má sì fi àkísà ihò padà sí ẹnu ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é sódì, tí wọ́n á ti ihò bẹ̀rẹ̀ nítorí ibẹ̀ ló dọ̀tí jù lójú wọn.

Bílíìṣì nínú ihò kò burú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ: ó pa ti òkè, ti abẹ́ ẹrẹ̀ tún yọjú. Bí ẹ bá pààrọ̀ páìpù pàápàá, tí wọ́n bá tún ń da ṣúgà síbẹ̀, wọ́n á padà.

Ìbéèrè (òṣìṣẹ́ àtúnṣe ní ilé ìwòsàn aládàáni, Òṣogbo): Gbogbo ọjọ́ Ẹtì la ń da gálọ́ọ̀nù bílíìṣì méjì sínú táńkì ìdọ̀tí kí kòkòrò lè kú. Òórùn rẹ̀ wá ń pọ̀ sí i. Níbo la ti ṣì í ṣe?

Ìdáhùn: Ibi tí ẹ dà á sí ni. Àwọn kòkòrò kan wà nínú táńkì yẹn tí iṣẹ́ wọn ni láti máa jẹ ìgbẹ́ níbi tí kò sí atẹ́gùn. Àwọn lẹ ń pa. Ìgbẹ́ ò jẹrà mọ́, ó ń kún, ó ń rùn. Yàtọ̀ sí èyí, ìdọ̀tí fúnra rẹ̀ máa ń jẹ kílórínì, amóníà inú ìtọ̀ sì máa ń sọ èyí tó bá kù di èyí tí kò lágbára mọ́. Kó tó kan kòkòrò tí ẹ ń lé, ó ti tán.

Ẹ dá a dúró. Ẹ ṣí ìdérí táńkì, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ má torí bọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀: gáàsì inú rẹ̀ máa ń pa ènìyàn, á sì tún pa ẹni tó bá wọlé láti yọ ẹni àkọ́kọ́. Ẹ we aṣọ funfun mọ́ igi gígùn kan, ẹ tì í bọ inú táńkì títí dé ìsàlẹ̀, ẹ fà á sókè. Ibi tó dúdú lára aṣọ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ga dé. Tó bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìjìnlẹ̀ omi lọ, ẹ pe ọkọ̀ agbépòó. Ẹ tún wo páìpù onígun T tó wà lẹ́nu àbájáde. Tó bá ti ṣẹ́, ọ̀rá tó léfòó ló ń bá omi jáde lọ dí sọ́kàwéè yín.

Ẹ̀yìn táńkì ni àyè kílórínì wà, nínú kòtò kékeré mìíràn tí omi tó ti silẹ̀ ti máa dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó jáde. Báyìí lẹ ó ṣe mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ po HTH 70% (ìyẹ̀fun kílórínì) gíráàmù 14 sínú lítà omi kan, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ lo èyí tó mọ́ lókè. Ẹ bu omi tó ń ti táńkì jáde sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì márùn-ún, lítà 10 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi síríǹjì fa omi kílórínì náà: 5 ml sí àkọ́kọ́, 10, 15, 20, àti 30 sí ìkarùn-ún. Ẹ rò ó, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá fi DPD, ohun ìdánwò kílórínì, wọn èyí tó kù. DPD No. 1 ni kẹ́ ẹ lò, torí No. 3 máa ń ka èyí tí amóníà ti sọ di aláìlágbára mọ́ ọn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó bá ti ní 0.5 mg nínú lítà kan ni ìwọ̀n yín. Ká ní bọ́kẹ́ẹ̀tì 20 ml ni, tí omi lítà 10,000 sì ń jáde lójúmọ́: omi kílórínì lítà 20 lẹ nílò, ìyẹn HTH gíráàmù 280. Kí ó máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kì í ṣe kí ẹ dà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí kò bá sí nǹkan kan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì 30 ml pàápàá, omi náà ṣì dọ̀tí jù. Táńkì ni kẹ́ ẹ tún ṣe, ẹ má fi kílórínì kún un. Ẹ tún ìdánwò náà ṣe nígbà òjò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má da kílórínì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí omi náà wọ odò ẹja ẹnikẹ́ni.

Kílórínì lè pa kòkòrò kó má pa òrùka DNA inú rẹ̀ tán. Kòkòrò mìíràn lè rí i he nínú omi. Ìdí nìyẹn tí ohun tí nọ́ọ̀sì Ìbàdàn ń dà sí síǹkì fi kan iṣẹ́ tiyín náà.

Ìbéèrè (baálé ilé kan, Ìjẹ̀bú-Òde): Ilé ìwòsàn kan wà lẹ́yìn ilé wa. Sọ́kàwéè wọn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 40 lọ sí kànga wa. Ṣé ká pa kànga náà tì ni?

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹsẹ̀ bàtà 40 jẹ́ nǹkan bíi mítà 12. Ìwọ̀n tó yẹ kó wà láàárín wọn ni mítà 30, kí ìsàlẹ̀ sọ́kàwéè sì fi ó kéré tán mítà 1.5 ga ju omi inú ilẹ̀ lọ. Nígbà òjò, tí omi kànga bá gòkè, àyè 1.5 yẹn ló ń tán.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní: omi mímu, ẹ sè é kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan. Kòkòrò tí oògùn ò ràn, iná ràn án. Agbára tó fi ń borí áńtíbáyótíìkì kò gbà á lọ́wọ́ omi gbígbóná. Tí epo ìdáná bá wọ́n, tí omi náà sì mọ́ gaara, 1 ml bílíìṣì 3.5% tí kò ní lọ́fínńdà tó fún lítà 20. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó mu ún.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé omi lọ sí láàbù. Ìgò tí wọ́n bá fún yín ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má ṣàn án tẹ́lẹ̀, ẹ fi sínú kúlà oníyìnyín, kó sì dé láàbù láàárín wákàtí mẹ́fà. E. coli inú 100 ml gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Ẹ ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ ẹ tún ṣe é nígbà òjò. Tí wọ́n bá rí E. coli, ẹ mú ìwé èsì náà tọ àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì, torí ẹni tó lọ bá ilé ìwòsàn lọ́wọ́ òfo, ìjà aládùúgbò ni wọ́n máa pè é. Kílórínì tí ẹ bá dà sínú kànga kò ní ju ọjọ́ díẹ̀ lọ níwọ̀n ìgbà tí sọ́kàwéè náà bá ṣì ń jo.

Ìbéèrè (akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́): Omi gọ́tà ọsibítù ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Gbogbo àwo agar (oúnjẹ tí a fi ń gbin kòkòrò) tí mo fi áńtíbáyótíìkì cefotaxime sí ló kún bámúbámú, mi ò lè kà á. Ẹnìkan ní ìyẹn ni pé gbogbo kòkòrò ibẹ̀ ni oògùn ò ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì kọ ìyẹn sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí oògùn inú àwo rẹ ti kú. Tí agar bá ṣì gbóná jù nígbà tí o fi cefotaxime sí i, ooru ti bà á jẹ́. Jẹ́ kó tutù dé nǹkan bíi 50°C, kí o wá fi sí i ní ìwọ̀n 4 mg nínú lítà kan. Ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi sínú Tricycle, ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2021 fún wíwá E. coli tí oògùn ò ràn, nìyẹn. Fi E. coli ATCC 25922, irú èyí tí oògùn náà ń pa, ra ojú àwo kan nínú gbogbo àwo tí o bá dà. Kò gbọ́dọ̀ hù. Tó bá hù, da gbogbo rẹ̀ nù.

Ó sì lè jẹ́ pé o ò là á tó. Bu 1 ml sínú 9 ml omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò, bu 1 ml nínú ìyẹn sínú 9 ml mìíràn, máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé ìpele karùn-ún. Tẹ́ 0.1 ml sórí àwo. Èyí tó bá ní 30 sí 300 nìkan ni kí o kà. Rántí pé Pseudomonas pọ̀ nínú gọ́tà, cefotaxime kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án láti ìṣẹ̀dálẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe àwárí. Lórí agar MacConkey, kò ní àwọ̀, ti E. coli máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Agar TBX dára jù, torí E. coli máa ń ní àwọ̀ búlúù tó fẹ́ jọ ewé lórí rẹ̀.

Ká ní àwo tí kò ní oògùn ní 60 ní ìpele kejì: 60 ÷ (0.1 × 0.01) = 60,000 nínú ml kan. Kí àwo olóògùn ní 90 ní ìpele àkọ́kọ́: 90 ÷ (0.1 × 0.1) = 9,000. 9,000 nínú 60,000 jẹ́ 15%. Ìdá yẹn ni kí o kọ sílẹ̀. Ẹnu páìpù tó ti ọsibítù jáde ni kí o ti bu omi, kó tó dà pọ̀ mọ́ gọ́tà ìlú. Kí o sì bu òmíràn nínú gọ́tà tí kò tíì dé ọsibítù. Láìsí ìkejì yìí, kò sí ohun tí o lè fi wé e. Tí o bá parí, fi autoclave (ìkòkò olóoru tó ń pa kòkòrò) se gbogbo àwo ní 121°C kí o tó dà wọ́n nù.

Ìbéèrè (ìyá ọmọ, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù): Amoxicillin olómi tí ọmọ mi ò lò tán wà nílé. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sílé ni, àbí kí n dà á sí ihò?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe méjèèjì. Ilé ìpoògùn tó bá wà nítòsí yín ní Ìlú Ọba máa ń gba oògùn tí a kò lò mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n ti fi omi pò kì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì kó tó bàjẹ́, ìdajì ìgò kò sì tó wo ẹnikẹ́ni sàn nílé.

Ìbéèrè (àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́, Èkó): Omi gọ́tà tó gba ẹ̀yìn ọsibítù la fi ń rin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí omi mìíràn. Ṣé ká dá iṣẹ́ dúró ni?

Ìdáhùn: Rárá o. A mọ̀ pé oúnjẹ ọmọ ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò méjì tàbí mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn, kí omi máa dúró kó tó bọ́ sí ìkejì. Inú èyí tó kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ ti máa bu omi, láìrú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí ẹ̀fọ́ ni kẹ́ ẹ máa da omi sí, kì í ṣe orí ewé. Ẹ gbin èyí tí wọ́n ń sè: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú. Ẹ má fi omi yìí gbin lẹ́tíìsì tàbí kùkúńbà tí wọ́n ń jẹ ní tútù. Tí ẹ bá lè dáwọ́ omi rírin dúró ní ọjọ́ méjì kẹ́ ẹ tó já a, oòrùn máa ṣiṣẹ́ fún yín: lójúmọ́ kan, ó lè pa bí 70% sí 99% kòkòrò ojú ewé. Ẹ wọ bàtà òjò, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun lóko.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni ìgbẹ̀yìn: wọ́n á já ẹ̀fọ́ tán, wọ́n á di í ní ìdì, wọ́n á tún rì í bọnú gọ́tà kan náà kó lè máa dán dé ọjà. Omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án. Tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kó bá iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ́jà. Ẹni tó bá rà á á fọ̀ ọ́ nílé kó tó gbé e kaná.